Omi Tí N Kò Kọ́kọ́ Mu

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo ń kọ yìí. Ẹni tí wọ́n ti jí gbé rí kì í fẹ́ kí a ti ẹnu òun mọ ọ̀nà ilé ẹlòmíràn.

Mo kéré nígbà tí ogun kó mi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ lójú òkun, wọ́n sì sọ̀ wá kalẹ̀ sí Sàró. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé, ibẹ̀ ni mo ti gba Jésù gbọ́. Ewú ti ń yọ lórí mi nígbà tí ìjọ rán mi wá wàásù ní Ẹ̀pẹ́. A kúrò ní Èkó, a yà ní èbúté Ìkòròdú, a sùn ní Agbówà. Èmi nìkan ni n kò sùn. Ìró àjẹ̀ nínú omi ṣì ń dẹ́rù bà mí.

Ìbọn ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló lé ọ̀pọ̀ ará Ẹ̀pẹ́ kúrò ní Èkó, ọ̀rẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ka gbogbo àwa tí a ti Sàró dé sí. Wọ́n ń kí mi, ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó tì wọ́n, ọ̀rọ̀ á parí. Mo máa ń ka Ìwé Mímọ́ sókè kí n lè gbọ́ ohùn ènìyàn nínú ilé.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kì í dákẹ́: bàbá apẹja kan, ìmàle, tó máa ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi.

"Sàró, ṣé àwọn òyìnbó yín tiẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, bàbá, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ wo aago."

Bí a bá ti sọ báyìí, inú mi á dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn mú, bàbá náà sì wọ ilé mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo sáré bu omi sínú ife tánganran, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó wo omi náà, ó wò mí, ó sì gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Mo ti mu omi nílé," ni ó wí, ó sì dìde.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti kó àwọ̀n rẹ̀ lọ sí èbúté. Àwọn tó ń kí mi tẹ́lẹ̀ ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Mo rò pé nítorí orúkọ Jésù ni. Mo di ẹrù mi sílẹ̀, nítorí mo rò pé wọn yóò lé mi, tàbí kí wọ́n tà mí.

Ìyá tó ń ta ẹja fún mi ló là mí lójú.

"Ẹ̀yin Sàró yìí, kí lẹ fẹ́ fi bàbá arúgbó ṣe?"

"Kí ni mo ṣe, ìyá?"

"Ẹ gbé omi fún un, ẹ ò kọ́kọ́ mu níbẹ̀. Ṣé ìyá kankan ò bí yín ni? Ẹni tó fi májèlé sómi ni kì í tọ́ ọ wò."

Ìyá mi bí mi, ó sì kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ní Sàró, ìyàwó olùkọ́ wa a máa nà wá bí a bá fi ẹnu kan ife àlejò. Ó ní ìwà ọ̀bùn ni. Mo kọ́ ìmọ́tótó títí mo fi gbàgbé bí ènìyàn ṣe ń fi han ẹnì kejì pé òun kò ní pa á.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà ní èbúté, mo sì ṣàlàyé ohun tí ìyàwó olùkọ́ wa kọ́ wa.

"Ọkọ obìnrin yẹn ńkọ́?" ni ó bi mí.

"Ó ti kú, bàbá."

"Ẹ ò rí i?" ni ó sọ fún àwọn apẹja yòókù, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí.

Ó gbé kèrègbè omi rẹ̀, ó mu níbẹ̀, ó nà án sí mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó mi, n kò gba omi lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀ dáadáa rí. Mo mu ún.

Ó kó àwọ̀n rẹ̀ padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi. Kò sí ẹni tó ṣe ìrìbọmi ní ọdún méjì tí mo lò níbẹ̀. Nígbà tí ìjọ pè mí padà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá kí mi ní Èkó.

"Ilé bàbá mi wà l'Èkó," ni ó wí. "Ẹlòmíràn ló ń gbé inú rẹ̀."

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àárò ilé ń sọ òun náà. Ó ń so àwọ̀n rẹ̀ lọ. Mo jókòó tì í títí ó fi dìde lọ kí ìrun.