Orúkọ Tí Ìyá Àgbà Kò Gbọdọ̀ Pè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Kùmásí, ilẹ̀ Gáńà, obìnrin mẹ́ta nínú ilé wa ló ń pè mí ní ọkọ wọn. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ kò ní í rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ti bí mi kí wọ́n tó gbé àwọn ìyàwó mẹ́ta náà wá sílé, nítorí náà wọn kò gbọdọ̀ pe orúkọ mi. Olúkúlùkù wọn ló wá orúkọ tirẹ̀ fún mi. Èyí tó kéré jù ń pè mí ní Eyínfúnjowó, bẹ́ẹ̀ ọdún tó dé yẹn, eyín iwájú mi méjèèjì ti ká lọ. Bó bá ti pè mí, gbogbo ilé á máa wo ẹnu mi.

Ní Móṣì Sóńgò, àdúgbò àwọn àjèjì, ni ilé wa wà, ilé alágbàlá tí yàrá yí ká. Èmi ni mo ń gbá àgbàlá náà láàárọ̀, lẹ́yìn náà màá gbé abọ́ lọ ra ẹ̀kọ mímu àti kóósé lọ́dọ̀ ìyá Háúsá kan lójú pópó. Àkàrà wa náà ni kóósé, ṣùgbọ́n bí o bá pè é ní àkàrà fún ìyá yẹn, á ní òun kò tà á. Bí a bá ti ilé ìwé dé, fùfú ló kù. Ẹni tó bá gún un tó ní kókó, òun nìkan ni yóò jẹ kókó náà níwájú gbogbo ilé, kò sì gbọdọ̀ fajú ro. Nígbà tí iṣẹ́ bá tán, àwa ọmọbìnrin á jáde lọ ta àńpè, à ń pàtẹ́wọ́, à ń fò, à ń na ẹsẹ̀ síwájú. Èdè Twi la fi ń ṣeré, Yorùbá la fi ń jìyà. Bí bàbá mi bá pè mí tí mo dáhùn pé “aane” dípò “bẹ́ẹ̀ ni, sà”, orí ìkúnlẹ̀ ni oòrùn yóò ti wọ̀ bá mi, ọwọ́ méjèèjì lókè.

Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Kẹ̀kẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ni àìsàn rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á fi kẹrosíìnì àti eérú bó gíríìsì ọwọ́ rẹ̀, bó bá ti kírun tán, á mú ìwé kan tó ní èèpo búlúù, á wá máa ti ilé Yorùbá kan bọ́ sí èkejì. Ta ni bàbá yín? Ìlú wo ló ti wá? Ta ló mú un rìn wá sí ilẹ̀ yìí? Kò sẹ́ni tó rán an, kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn àgbà ń kú, wọ́n sì ń kó ilé wa lọ sínú ilẹ̀. Àwọn ènìyàn bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé Òkú. Ìyá oníṣu kan wà tí yóò ti òkèèrè kí i pé, “Akọ̀wé Òkú, èmi kò tíì kú o, ẹ máa bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.” Àwọn mìíràn rò pé ìjọba ló fẹ́ fi í gba owó orí. Nítorí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kò jẹ́ béèrè iye ọmọ ẹnikẹ́ni, á kàn máa béèrè pé, “Ta ló tẹ̀lé e?” títí ẹni náà yóò fi dákẹ́.

Ohun tó ni ín lára jù ni pé àwọn ọkùnrin kò rántí nǹkan, àwọn obìnrin tó sì rántí kò lè pe orúkọ. Ìyàwó ilé ni wọ́n. Wọ́n mọ ẹni tó bí ẹni, wọ́n mọ ẹni tó bá ẹni jà, ṣùgbọ́n bó bá ti kan orúkọ ará ilé ọkọ wọn, ìnagijẹ ni wọn yóò sọ. Ohun tí ń bẹ nínú ìwé Bàbá Kékeré nìyí: Ajíṣefínní ni àbúrò Olówó-Orí-Mi, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló tẹ̀lé e. Bàbá mi yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kan, ó wá béèrè bóyá ìwé ẹbí ni tàbí ìwé àlọ́. Bàbá Kékeré dáhùn pé òun yóò rí orúkọ wọn gan-an bó bá yá. Yíǹkì ló sì fi kọ gbogbo rẹ̀.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi àti Bàbá Kékeré, ló sọ ti Ajíṣefínní yẹn fún un. Àbúrò bàbá wọn ni, ará Ọ̀fà. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà, ó bínú kúrò nílé, wọ́n ní ó gba ọ̀nà ilẹ̀ Gáńà, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí bàbá wọn fúnra rẹ̀ kó wá sí Kùmásí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àbúrò náà. Bó ṣe kú nìyẹn. Ìyá Àgbà nìkan ló kù tó mọ orúkọ tí wọ́n bí Ajíṣefínní mọ́.

Wàhálà kò sí nínú èyí, àfi ìgbà tí ilẹ̀kùn yàrá wa yẹ̀. Wọ́n pe káfíńtà kan láti àdúgbò Sàwàbá, Ràúfù lorúkọ rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá kan ìṣó kan, á dúró mu omi, Àǹtí Sàlámọ́tù ló sì gbọ́dọ̀ bu omi náà fún un. Àǹtí Sàlámọ́tù yìí ni àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, aránṣọ ni, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, àwọn aládùúgbò sì ti ń fi ojú bi í ní ìbéèrè. Nígbà tí ilẹ̀kùn náà fi jókòó, gbogbo ilé ti mọ̀ pé ìyàwó ń lọ.

Ọjọ́ tí àwọn àgbà ilé méjèèjì pàdé, èmi ni mo ń gbé omi. Bàbá Ràúfù wá, ìyá tó bí bàbá náà sì bá a wá, arúgbó kékeré kan tí a ń pè ní Ìyá Sàwàbá. Àlùfáà àdúgbò wa jókòó láàrin. Ẹnikẹ́ni kò bẹ Bàbá Kékeré, ló bá gbé ìwé búlúù rẹ̀ jáde, ó ní kí àwọn àna gbọ́ irú ilé tí wọ́n ti fẹ́ mú ìyàwó. Ó ń kà á lọ bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, títí ó fi kan Ajíṣefínní, ará Ọ̀fà, tó bínú kúrò nílé. Ìyá Sàwàbá gbé ife omi sílẹ̀.

“Ẹ tún un kà.”

Ó tún un kà.

“Orúkọ tí mo fi ń pe ọkọ mi títí ó fi kú nìyẹn,” ni ìyá náà wí. “Ará Ọ̀fà lòun náà. Ìbínú ló gbé òun náà kúrò nílé.”

Bó bá jẹ́ ẹni kan náà ni, àbúrò ni Àǹtí Sàlámọ́tù jẹ́ sí bàbá Ràúfù, bí ìyá ni sí Ràúfù fúnra rẹ̀, ìgbéyàwó kò sì lè wáyé mọ́. Bàbá Ràúfù ní Sùbérù ni àwọn mọ bàbá àwọn sí, ṣùgbọ́n ìgbà tó di mùsùlùmí ní Kùmásí ló gba ìyẹn. Kò sọ orúkọ àbísọ rẹ̀ fún ọmọ kankan, kò sì dárúkọ agbo ilé rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n wá òun rí. Àlùfáà ní ẹ kúkú jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra, ẹ̀sìn kò kọ̀ ọ́. Ìyá Àgbà dá a lóhùn pé, “Ẹ̀sìn ni tiyín, Àlùfáà. Ẹbí ni tèmi.”

Ó wá ku àwọn ìyá àgbà méjì tí wọ́n kọjú síra wọn, kálukú pẹ̀lú orúkọ kan lẹ́nu. Ìyá Sàwàbá ní kí Ìyá Àgbà sọ tirẹ̀, nítorí pé ó dàgbà ju òun lọ. Ìyá Àgbà ní kí Ìyá Sàwàbá sọ tirẹ̀, nítorí pé ìyá náà ló wá tọrọ ìyàwó. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ ti orúkọ náà síra wọn títí omi inú ìkòkò fi tán. Ìpàdé tú, wọ́n ní ká tún rí ara wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ Àǹtí Sàlámọ́tù kò dún ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Bàbá Kékeré nìkan ló ń dá jẹun. Bó bá kí ènìyàn, wọ́n á ní kí ó lọ kọ ọ́ sínú ìwé. Ní ọjọ́ kẹta, mo ń lọ ata lẹ́yìn ilé ìdáná nígbà tí Àǹtí Sàlámọ́tù kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

“Ìyá, bí ẹ bá pa orúkọ òkú mọ́, ọmọ yín tó wà láàyè ńkọ́?”

Ìyá Àgbà ní òun ti pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan rí. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà ń bínú lọ, òun sá tẹ̀lé e dé ẹ̀yìn ilé, òun sì pariwo orúkọ rẹ̀ kí ó lè wẹ̀yìn wò. Kò wẹ̀yìn wò. Ọyẹ́ ọdún yẹn náà ni àkọ́bí òun kú. Kò sẹ́ni tó bá òun wí, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tí ẹnu òun ṣe. Ó ní, “Ẹ̀rù ń bà mí, Sàlámọ́tù. Ẹ pọ̀ nínú ilé yìí.” Ata ta sí mi lójú, mi ò sì lè fọwọ́ nù ún. Ọ̀kan nínú àwọn tó pọ̀ nínú ilé náà ni mí.

Nígbà tí ìpàdé kejì pé, wọ́n kí ara wọn tán. Ìyá Àgbà dìde. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun ṣe ń kúnlẹ̀ fún ará ilé ọkọ rẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ògiri sọ̀rọ̀.

“Ẹ dárí jì mí, ọkọ mi. Ẹ má fi ṣe àwọn ọmọ. Òjó ni.”

Ìyá Sàwàbá ti ń sunkún kí ó tó sọ̀rọ̀. Òun náà bọ́ sí ilẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Tiwa kọ́ nìyẹn. Abíọ́nà ni tiwa.”

Ọkùnrin méjì ni wọ́n, tí àwọn ìyàwó ilé rí aṣọ tó mọ́ lọ́rùn wọn, tí wọ́n sì sọ àwọn méjèèjì ní Ajíṣefínní. Àǹtí Sàlámọ́tù wọ yàrá lọ, ó pa ilẹ̀kùn tó so èso rere yẹn dé, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti inú. Bàbá Kékeré wá yíǹkì rẹ̀. Bàbá mi fọwọ́ lé ìwé náà, ó ní, “Má kọ ọ́ lónìí.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Àgbà fi sunkún. Nígbà tí ọyẹ́ dé, inú ewu la wà, kì í ṣe lọ́wọ́ òkú, lọ́wọ́ Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, àgbo ni. Ẹni tó bá sín, àgbo ni. Mo mu àgbo títí ètè mi fi gbàgbé ìtọ́wò ṣúgà. Kò sẹ́ni tó kú. Kí òjò ọdún kejì tó dá, Àǹtí Sàlámọ́tù ti bí ọmọkùnrin, Ìyá Àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa.

Ọdún púpọ̀ ti kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí àwa àjèjì kó ẹrù wa kúrò ní Gáńà, Bàbá Kékeré fi ìwé náà sí mi lọ́wọ́, mo sì dì í sáàrin aṣọ ọmọ mi. Àpò mẹ́rin ni mo gbé jáde nílé, méjì ló bá mi dé Ọ̀fà. Èmi ni mo wá ń ṣe Akọ̀wé Òkú báyìí. Mò ń bá àwọn tí a jọ ti Kùmásí dé sọ̀rọ̀, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò kì í kọ orúkọ alààyè láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Èmi náà, bí ẹni tí mi ò mọ̀ bá béèrè ìlú bàbá mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, bóyá ó mú pépà dání.

Bí mo bá wo àwọn ìyàwó òde òní, ó yẹ kí inú mi dùn. Ẹnu wọn gba gbogbo orúkọ. Ìyàwó ọmọ mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á pe ọkọ rẹ̀ láti òpin àdúgbò, “Múfú! Múfú!”, àwọn adìyẹ á sá, nǹkan kan kò sì ṣe ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ mi ì bá rọrùn. Ní oṣù tó kọjá, mo ṣí ojú ewé tuntun fún àwọn ọmọ wọn, mo ní kí ó pe orúkọ bàbá àgbà ọkọ rẹ̀ fún mi kí n kọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bi Múfú. Mo bi Múfú. Bàbá mi ni mò ń béèrè, ẹni tó gbé Múfú pọ̀n ní ọjọ́ tí a kúrò ní Kùmásí. Múfú ronú díẹ̀, ó ní, “Ìyá, ṣebí Bàbá Àgbà náà ni?”

Ìyá Àgbà sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí pé ó pe orúkọ kan. Lọ́jọ́ yẹn, èmi náà pa ìwé dé, mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé, nítorí pé orúkọ kan wà tí gbogbo ẹnu ilé mi lè pè, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn.