Ọwọ́ Òsì Bùkọ́lá

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọjọ́ kan wà tí ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí ju ẹ̀rù iwin lọ, ọjọ́ tí iléèwé bá parí sáà. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà ní Festac á rántí ọjọ́ náà dáadáa. Àwọn ọmọ yòókù á máa fò sókè pé ọlidé ti dé, wọ́n á máa ju fìlà sókè. Èmi á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ láti iléèwé wa ní Amúwo títí dé ilé, káàdì èsì ìdánwò á wà nínú báàgì mi. Mo máa ń ka òpó iná tó wà lójú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ìṣirò o, kí ọ̀nà lè gùn ni.

Àjà kejì ni fúláàtì wa wà. Nísàlẹ̀ wa gan-an ni àwọn Bùkọ́lá ń gbé. Èmi àti Bùkọ́lá jọ wà ní kíláàsì kan náà, prámárì fọ́ọ̀. Dádì mi àti dádì rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì jọ ń wọ̀ láàárọ̀. Ẹ wá wo wàhálà mi. Ohunkóhun tí Bùkọ́lá bá gbà níléèwé, bọ́ọ̀sì yẹn ò ní tíì kọjá Mile 2 tí dádì mi á ti gbọ́.

Ipò kìíní ni Bùkọ́lá máa ń gbà. Kì í gba ìkejì. Èmi máa ń gba ìkẹtàlá, nígbà míì ìkẹrìnlá, nínú àwa méjìlélọ́gbọ̀n. Tí ẹ bá bi mí lónìí, màá ní kò burú rárá. Ṣùgbọ́n dádì mi á wọ awò ojú rẹ̀, á ka káàdì náà láti òkè délẹ̀ bíi pé lẹ́tà ibi iṣẹ́ ni, á wá gbé ojú sókè.

"Ta ló gba ipò kìíní?"

"Bùkọ́lá ni, sà."

"Ṣé orí méjì ni Bùkọ́lá ní ni?"

"Rárá, sà."

"Ṣé irú oúnjẹ tí ò ń jẹ kọ́ ló ń jẹ ni?"

Ó parí nìyẹn. Kò ní nà mí, kò ní pariwo. Á dá káàdì náà padà fún mi, á máa ka ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ. Mọ́mì á bu ìrẹsì fún mi, á fi orí ẹja sí i kó lè tù mí nínú, àmọ́ màá fi í sílẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹgba sàn ju ìbéèrè yẹn lọ. Ẹgba á dùn èèyàn tán, á sì lọ. Ìbéèrè yẹn máa ń bá mi sùn, ó máa ń bá mi jí.

Àṣìṣe tí mo wá ṣe ni pé mo gba ìbéèrè náà gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo rò pé Dádì fẹ́ kí n lọ wádìí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo Bùkọ́lá. Mo wo orí rẹ̀: ẹyọ kan ṣoṣo ni, ó tiẹ̀ kéré sí tèmi. Mo wo oúnjẹ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo bá wọn jẹun, mo rí i pé ata ọbẹ̀ wọn pọ̀ ju ti wa lọ, ni mo bá ń ki ata gbígbẹ sínú ọbẹ̀ mi fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Omi imú ni mo rí gbà níbẹ̀. Ipò mi nísáà kejì já sí ìkẹrìndínlógún.

Ọjọ́ yẹn ni Dádì ká ìwé ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Mojísọ́lá, gbọ́ mi dáadáa. Tí o ò bá wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ nísáà kẹta, màá lọ bá ọ̀gá iléèwé yín. Wàá tún kíláàsì yẹn kà. Ìwọ àti Tóbi lẹ máa jọ wà níbẹ̀."

Ẹ̀yin ará mi! Tóbi ni àbúrò mi, prámárì tírì ló wà nígbà náà. Èmi ni mo máa ń so okùn bàtà rẹ̀. Èmi ni mo máa ń nu imú rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì wọn. Ṣé èmi àti Tóbi la máa wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí Bùkọ́lá máa lọ sí prámárì fáìfù?  Láti ọjọ́ náà, tí àwọn ọmọ bá ń ṣe eré tẹ́ń-tẹ́ń nísàlẹ̀ ilé wa, mi ò lè bá wọn fò ó.  Tóbi tó ń rẹ́rìn-ín lásán, ó máa ń dà bíi pé èmi ló ń fi rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni mo wá rí i. Bùkọ́lá ń kọ nǹkan lójú pátákó lọ́jọ́ kan, Àǹtí Rẹ̀mí, olùkọ́ wa, ń yìn ín, ni mo bá wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ló ti ń fi òsì kọ̀wé, ṣùgbọ́n mi ò rò ó wò rí. Nínú gbogbo kíláàsì wa, òun nìkan ni. Háà! Ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà wà!

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ilé, níbi táńkì omi, mo ń fi ọwọ́ òsì mú ṣọ́ọ̀kì, mo ń kọ orúkọ mi sára ògiri. Ó rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Mo fi òsì gbálẹ̀, mo fi òsì fọ abọ́, mo fọ́ àwo mẹ́ta, mo sì parọ́ pé ọṣẹ ló ń yọ̀. Màmá, ìyá dádì mi, wá kí wa láti Ìjẹ̀bú láàárín ìgbà náà, wọ́n ní kí n bu omi wá. Mo ti gbàgbé ara mi. Ọwọ́ òsì ni mo fi na ife sí wọn.

"Yéè! Mojísọ́lá! Èmi lò ń na ọwọ́ òsì sí? Ṣé mo ti di ẹgbẹ́ rẹ ni?"

Mo kúnlẹ̀ sí igun pálọ̀, ọwọ́ méjèèjì lókè, títí ìròyìn fi bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Màmá ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi ò gbọ́. Ọwọ́ òsì mi ni mò ń ro, pé kó má rẹ̀ ẹ́ jù, torí iṣẹ́ ń dúró dè é.

Ìdánwò dé. Ìṣirò la kọ́kọ́ ṣe. Mo fi bírò sí ọwọ́ òsì, mo gbàdúrà, mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń ṣí ojú ìwé kejì, èmi ṣì wà ní nọ́ńbà kẹrin. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni apá mi ń nu ún, ìwé mi dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Mo mọ ìdáhùn o! Ìyẹn ló ń dùn mí títí dòní. Mo mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ni ò lè gbé e jáde.

Àǹtí Rẹ̀mí dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n ní, "Mojísọ́lá, kí ló ṣe ọwọ́ ọ̀tún rẹ?"

"Kò ṣe nǹkan kan, mà."

"Ó yá, òun ni kó o fi kọ̀wé."

Mo gbé e sí ọ̀tún. Bí wọ́n ṣe kọjá, mo tún dá a padà sí òsì. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá fi ọ̀tún kọ ọ́, ìkẹrìndínlógún náà ni màá tún gbà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ipò kọkàndínlọ́gbọ̀n ni mo gbà.

Mi ò lè gun àtẹ̀gùn délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo jókòó sí ìsàlẹ̀, mo ń gbọ́ òórùn dòdò tí Mọ́mì ń dín lókè. Bùkọ́lá jáde síta láti ilé wọn. Wọ́n ti fi áńkáṣífù funfun di ọwọ́ òsì rẹ̀ pọ̀, àfi bí ẹni tí nǹkan gé lọ́wọ́. Mo bi í pé kí ló ṣe é.

Ó ní, "Mọ́mì mi ló dì í. Wọ́n ní kí ọlidé tó parí, kí n ti máa fi ọ̀tún ṣe gbogbo nǹkan. Wọ́n ní kí n máa wò ẹ́. Wọ́n ní ṣé mi ò rí bí Mojí ṣe ń fi ọ̀tún jẹun ni, tó fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, pé ṣé ọwọ́ mẹ́ta ni Mojí ní ni."

Ẹkún ló wá sí mi lójú. Mo jókòó, òun náà jókòó. Ó bi mí ipò tí mo gbà, mo sì sọ fún un. Ó ní, "Háà, Mojí! Kí ló dé?" Mi ò lè sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ló dé.

Dádì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Mo tún kíláàsì náà kà, èmi àti Tóbi. "Ẹ̀gbọ́n Tóbi" ni gbogbo kíláàsì ń pè mí, títí kan olùkọ́. Odindi ọdún kan, mi ò na ọwọ́ sókè láti dáhùn ìbéèrè kankan, ọ̀tún o, òsì o. Ohun tí mo mọ̀ gan-an, mi ò sọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ìgbà tí mo dé iléèwé girama, tí àwọn Bùkọ́lá ti kó lọ sí Satellite Town, ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ṣáà kàwé jáde, mo ń ṣiṣẹ́. Dádì ti fẹ̀yìn tì báyìí, òun àti Mọ́mì ṣì wà nínú fúláàtì yẹn. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì náà fún wọn rí.

Láyé ìgbà náà, inú báàgì ni èsì ìdánwò máa ń wà, èèyàn ṣì lè ka òpó iná kó tó délé. Ayé òde òní, orí fóònù ló ń já sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní kíṣìnì, mò ń dín dòdò, ni fóònù mi dún. Olùkọ́ ọmọ mi ti gbé èsì gbogbo kíláàsì sórí gúrúùpù àwọn òbí, orúkọ gbogbo wọn, láti òkè délẹ̀. Àánú, ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Òkè ni mo kọ́kọ́ wò. Orúkọ Ṣọpẹ́, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ṣọpẹ́ ló tún gba ipò kìíní! Ṣé orí méjì ni Ṣọpẹ́..."

Mo gbọ́ ohùn Dádì lẹ́nu mi. 

Àánú ní, "Mọ́mì, ẹ ò tíì wo tèmi."

Òótọ́ ni. Mi ò tíì wò ó. Mo pa gáàsì, dòdò ti ń jóná. Ẹ̀rù bà mí gan-an, irú ẹ̀rù tí kò bà mí rí láti ọjọ́ tí mo jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn. Kí ni ọmọ mi ti ń wò lára Ṣọpẹ́ láti ọjọ́ yìí, tí èmi ò mọ̀? Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo dojú rẹ̀ délẹ̀.

Mo ní, "Àánú, jẹ́ kí n rí ọwọ́ rẹ."

Ó mú méjèèjì jáde díẹ̀díẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ níwájú mi, ó di ojú. Ó rò pé mo fẹ́ nà án ni.