Oògùn Tí N Kò Fẹ́ Dárúkọ

Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣe iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Ṣómólú, ohunkóhun tó bá sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, ó gbà á gbọ́. Bí ó ṣe gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà orúnkún ní Ọbáníkòró nìyẹn. Òun ló tẹ ìwé pélébé tí dókítà náà ń pín kiri, tí àwòrán ìyá arúgbó kan tó ń gun àtẹ̀gùn tẹ̀ríntẹ̀rín wà níwájú rẹ̀.

"Mọ́mì," ó ní, "ẹ ó máa gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì bí ọmọdé."

Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, lẹ́yìn ìdúró tó lé lọ́gbọ̀n ọdún níwájú pátákó. Orúnkún ọ̀tún ló jìyà rẹ̀. Ìtọ́jú náà, bí ọmọ mi ṣe là á yé mi, kò le: wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ lápá mi, wọn yóò fi ẹ̀rọ yí i bìríbìrí títí omi rẹ̀ tó dà bí òróró yóò fi yà kúrò lára pupa, omi yẹn ni wọn yóò sì gún sínú orúnkún, kó lè bá a tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ara mi ni, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Mo ní ó dáa.

Nílé atẹ̀wé, a kì í ra bébà tí a ó fi tẹ́ nǹkan. Ìwé tó bàjẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ la fi ń tẹ́ dúrọ́ọ̀, òun la fi ń bo ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Láti ìgbà tí ìbò ti padà wá, ojú àwọn olóṣèlú inú pósítà ni mo ń to aṣọ mi lé, mo sì máa ń dojú wọn bolẹ̀. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta tí a ó lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo ń wá búláòsì tí apá rẹ̀ fẹ̀, mo sì rí ìwé pélébé yẹn nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń pín. Èyí tí ọmọ mi kọ́kọ́ tẹ̀ fún dókítà láti yẹ̀ wò ni. Níbi tí ìyá arúgbó wà nínú tuntun, ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀, nípa àwọn tí ìtọ́jú náà lè má dára fún. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí egbò wà lójú ibi tí wọ́n fẹ́ gún. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó sọ fún dókítà kí a tó fọwọ́ kàn án.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni ẹni ìkẹyìn yẹn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú ilé.

Ní ọdún méjì ṣáájú, ife tíì já bọ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo fẹ́ pe ọmọ mi, ahọ́n mi wúwo bí òkúta. Kò pẹ́ tí ìwúwo náà fi lọ. Mo dá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù, dókítà ibẹ̀ sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dínà nínú ọpọlọ fún ìgbà díẹ̀, pé ìkìlọ̀ ni. Ó fún mi ní oògùn tí n óò máa lò lójoojúmọ́. Mo dà á sínú ìgò fítámì, mo sì pa ẹnu mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, ẹ lọ bi ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ mi, obìnrin yìí dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, lójú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó nawọ́ sí mi. "Àgídí obìnrin oníwèé yìí ló pa àbúrò mi lápá lẹ́sẹ̀. Ohun tó ṣe é á ṣe ìwọ náà, gbogbo ayé á sì mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é!" Kò sí ẹni tó bá a wí. Pásítọ̀ ń ṣí Bíbélì rẹ̀ kiri bí ẹni tí ojú ìwé sọnù mọ́ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń bẹ ọkọ mi kó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló ń gbé àgbo wá láti ilé rẹ̀ ní Ladi-Lak pé kó pa ti òyìnbó tì. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kó wá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ òun ṣẹ sí mi lára?

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé ẹ̀rù kiri. Bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yóò gbọ́. Bí n kò bá sọ ọ́, wọn yóò gún orúnkún mi, ẹ̀jẹ̀ tí kò fẹ́ dì yóò máa ṣàn sínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ní kí n dá oògùn náà dúró. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mo ń wo ọwọ́ mi bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Mo sáré gbé e mì.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá wa lọ. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, síbẹ̀ kò gbà pé ìyàwó lè lọ gba abẹ́rẹ́ ńlá láìsí ará ilé ọkọ níbẹ̀. "Ìyàwó" ló ṣì ń pè mí, èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ.

Dókítà kọjú sí ọmọ mi. "Oògùn wo ni Mọ́mì ń lò?"

"Ti ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan, sà. Àti fítámì."

"Fítámì yẹn ń ṣiṣẹ́ o, dókítà," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí. "Ẹ ò rí bí ẹnu rẹ̀ ṣe mú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì so rọ́bà mọ́ mi lápá, iṣan sì dìde. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń kùn ní yàrá kejì.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí àwọn wọ̀nyí bọ́ síta fún mi."

"Kí n bọ́ síta lọ ṣe kí ni?" ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní. "Kí lo ní lára tí n kò mọ̀? Ṣebí èmi ni mo gba ọmọ tó gbé ọ wá yìí lọ́jọ́ tí o bí i!"

"Mọ́mì, ẹ má bẹ̀rù," ọmọ mi ní. "Ẹ̀jẹ̀ yín náà ni."

Nọ́ọ̀sì ṣí orí abẹ́rẹ́. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo yọ ìgò yẹn nínú báàgì mi, mo gbé e ka orí tábìlì.

"Kì í ṣe fítámì. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni. Ife já bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́dún méjì sẹ́yìn, n kò lè sọ̀rọ̀. Rọpárọsẹ̀ kékeré ni."

Dókítà da oògùn náà sọ́wọ́, ó wò ó dáadáa, ó ní kí nọ́ọ̀sì tú rọ́bà. "Mọ́mì, a ò ní ṣe é lónìí. Ó ṣeé ṣe ká má tilẹ̀ ṣe é rárá. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà tó fún yín ní oògùn yìí sọ̀rọ̀. Ẹ má sì dá a dúró fúnra yín nítorí orúnkún o. Orúnkún kì í pààyàn."

"Èmi ló yẹ kí ẹ bi," mo ní. "Ẹnu mi ò kú." Mo yíjú sí ọmọ mi. "Ìwọ ńkọ́? Níbo lo gbé ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́ sí?"

"Mọ́mì, kò gba inú ìwé ni. Dókítà ní àwòrán làwọn fẹ́, àwòrán sì gbààyè."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í to bírò rẹ̀ sójú kan.

Nínú ọkọ̀, mo ń retí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti pèsè èsì sílẹ̀ dè é. A ti fẹ́ dé Ladi-Lak. Nígbà náà ló fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí itan, bí ẹni gbé ẹrù.

"Ìyàwó," ó rọra ní, "kí ife yẹn tó já bọ́, ṣé ó dà bíi pé èèrà ń rìn lọ́wọ́ rẹ?"

N kò rí ẹ̀rù lójú obìnrin yẹn rí, kódà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀. Èsì mi ti wà lẹ́nu. Mo gbé e mì.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti òwúrọ̀ yìí."

Mo ní kí ọmọ mi yí ọkọ̀ padà sí ọsibítù. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé?" Mo ní kó kọ́kọ́ yí i ná. N kò tíì dárí ji obìnrin náà, ó sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀nà, mo ń bi í ní orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń tẹ́tí, bóyá ahọ́n rẹ̀ ṣì ń gbé wọn.