Mo Mọ Bí Ìtàn Náà Ṣe Parí

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, tí mo ti tó ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ ṣùgbọ́n tí mi ò tíì tó ẹni tí àgbà ń bi léèrè ọ̀rọ̀, ilé oníyàrá mẹ́jọ kan là ń gbé ní Ìkòsì. Ẹ má wá a lọ o, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Yàrá iwájú ni ti Bàbá Tíṣà. Wọ́n ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́, ìtàn ni wọ́n sì ń kọ́ ọmọ nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ni. Màmá mi ní kí n máa lọ sọ́dọ̀ wọn nírọ̀lẹ́ kí wọ́n bá mi tún ìṣirò mi ṣe. Ìṣirò náà ò tún ṣe, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ mí. Ohun tí mo gbọ́ lọ́dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ ará Gíríìsì kan tó ti kú láti ayébáyé.

Ọ̀gágun ni ọkùnrin náà. Wọ́n ní kó lọ gba ìlú kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tó débẹ̀, ọ̀tá ti gba ibẹ̀. Àwọn ará ìlú rẹ̀ bá lé e jáde fún ogún ọdún. Dípò kó jókòó máa sunkún, ó ń lọ bá àwọn tó jagun ní ìhà méjèèjì, ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ni wọ́n fojú ara wọn rí, ó sì ń kọ ìtàn ogun náà sínú ìwé. Ó ní ènìyàn méjì á wà níbì kan náà, ohun tí wọ́n máa sọ ò ní dọ́gba, nítorí náà kí ẹni tó ń kọ ìtàn má yára gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Bàbá Tíṣà á ní, “Kò fi ṣúgà sí i!” Wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin yìí bí ẹni pé wọ́n jọ ṣe tíṣà pọ̀ ni.

Èyí tó dẹ́rù bà mí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni ti erékùṣù kékeré kan. Ìlú ńlá kan kó ọkọ̀ ogun wá bá wọn pé kí wọ́n wá máa sin òun. Àwọn ará erékùṣù ní àwọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ẹ̀tọ́ wà lẹ́yìn àwọn. Àwọn alágbára fèsì pé àárín àwọn tí agbára wọn dọ́gba ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ wà. Ẹni tí kò bá lágbára, kó fara mọ́ ohun tó bá rí. Nígbà tó yá, wọ́n gba erékùṣù náà, wọ́n pa àwọn ọkùnrin ibẹ̀, wọ́n kó obìnrin àtọmọ lẹ́rú. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ èyí, mi ò lè jẹ ẹ̀bà mi tán. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo jẹ ẹran.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ẹbí onílẹ̀ kan dé. Wọ́n ní ẹni tó kọ́ ilé wa ò ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kó rà á. Ẹni náà ti kú, a ò sì rí ìwé ilẹ̀. Wọ́n fẹ́ kọ́ ibi tí wọ́n á máa kó tòmátò Mile 12 sí. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ọjọ́ méje la ní.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, gbogbo ilé kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Aláta, tó ń tajà ní Mile 12, ní ká tètè máa di ẹrù. Télọ̀, aránṣọ ilé wa, ní, “Ká dì í lọ síbo, Màmá? Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kàwé níbí, ẹ sọ nǹkan.”

Bàbá Tíṣà dìde, wọ́n tún gíláàsì ojú wọn ṣe, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn erékùṣù. Ẹ ò gbọ́ irú ẹ̀ rí! Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àwọn ará erékùṣù ti ní àwọn ò lè jọ̀wọ́ ìlú tí àwọn ti ń gbé láti ọ̀pọ̀ ọdún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Télọ̀ fò sókè.

“Ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìyẹn! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀!”

Ìyá Aláta pàtẹ́wọ́. “Ó tán. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni kí Tíṣà sọ ọ́ fún wọn. A ò lọ ibì kankan!”

Ariwo ayọ̀ sọ. Bàbá Tíṣà rọra jókòó. Wọn ò sọ ìyókù, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n.

Èmi mọ ìyókù. Mo la ẹnu, màmá mi ṣẹ́jú sí mi, mo pa á dé. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé o, ẹ má jẹ́ n purọ́ fún yín: ẹ̀rù ló bà mí pé wọ́n á ní ẹnu mi burú. Ohun tí akin yín wá ṣe ni pé lọ́jọ́ kejì, mo di bàtà mi tuntun, ìrọ̀rí mi àti bọ́ọ̀lù mi sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ sílé ọ̀rẹ́ mi ní Alápẹ̀rẹ̀ kó bá mi tọ́jú ẹ̀. Mi ò rántí ìwé ìṣirò.

Ọjọ́ keje pé. Katakata kan tí wọ́n fi ń wólé dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, bọ̀ọ̀dá kan láti inú ẹbí onílẹ̀ náà, tó wọ jálámíà funfun, sì wọlé pẹ̀lú àwọn géńdé. Bàbá Tíṣà bọ́ síwájú. Wọ́n sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ iye ọdún tí a ti ń gbé ibẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Bọ̀ọ̀dá náà fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo ẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ wọn.

“Daddy, òótọ́ lẹ sọ, mi ò ní bá yín jiyàn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni katakata yìí, ṣé ẹ máa dúró bá mi sọ̀rọ̀ òótọ́? Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ kúrò níwájú ẹ̀.”

Ohun tí àwọn alágbára sọ fún àwọn ará erékùṣù gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo mọ̀ dájú pé bọ̀ọ̀dá yẹn ò ka ìwé ará Gíríìsì kankan rí.

Nítorí pé a ti pinnu pé a ò lọ, kò sẹ́ni tó ti di ẹrù. Wọ́n fún wa ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Nínú ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta tí Télọ̀ ní, ọ̀kan ṣoṣo ló jáde. Bẹ́ẹ̀dì Ìyá Aláta há sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń fà á, wọ́n ń sunkún, títí àwọn èèyàn fi gbá wọn mú kúrò níbẹ̀ kí ògiri tó wó lé e. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Bàbá Tíṣà jókòó sórí páálí ìwé wọn létí títì. Mo lọ bá wọn.

“Ẹ mọ bó ṣe parí, sà. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?”

Wọ́n nu eruku kúrò lójú gíláàsì wọn. “Inú wọn ń dùn, ọmọ mi. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bà á jẹ́.” Wọ́n wá wò mí. “Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, àbí?”

Nígbà tí a lọ sùn sílé ọ̀rẹ́ mi ní Alápẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, tí màmá mi rí ọ̀rá mi níbẹ̀, wọn ò nà mí. Wọ́n kàn bi mí pé ọjọ́ wo ni mo ti gbé e débẹ̀. Ká ní wọ́n nà mí ni, ì bá sàn.

Ayé ti yí. Lónìí, kí Tíṣà tó jókòó, ọ̀kan nínú yín á ti wo ìparí ìtàn náà lórí fóònù, á sì kà á síta, ẹnikẹ́ni ò ní ṣẹ́jú sí i. Katakata náà sì ti tóbi ju ti ìgbà yẹn lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá wà láàárín àgbà, tí ẹ sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ẹ sọ ọ́, bí wọ́n tiẹ̀ pè yín ní aláfojúdi. Ilé á ṣì wó, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹnì kan á ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jáde.