Ojú Tó Fẹ̀

Ó máa ń rẹ̀ mí kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Mọ́níto ni mò ń tà ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, tuntun àti tòkunbọ̀, àwọn tó ń gbá géèmù ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Àǹtí Mọ́níto, èwo ló fẹ̀ jù?" Wọn kì í béèrè èyí tó dára. Fífẹ̀ ni wọ́n ń wá, bí ẹni tó fẹ́ ra ẹní.

Màá ṣàlàyé títí ẹnu mi á fi gbẹ. Èyí tó wọ́pọ̀, mẹ́rìndínlógún sí mẹ́sàn-án là ń pè é: tí ẹ bá pín ìbú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, gíga rẹ̀ á gba mẹ́sàn-án nínú rẹ̀. Kò sí géèmù tí kò bá a mu. Èyí tó gùn gbọọrọ, mọ́kànlélógún sí mẹ́sàn-án, dùn fún eré ọkọ̀, torí ẹ ó máa rí àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń kọjá, ṣùgbọ́n ọrùn yín á ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ pánẹ́ẹ̀lì, pátákó tó ń gbé àwòrán jáde, tún wà níbẹ̀; oríṣi mẹ́ta ni. TN yára, àmọ́ tí ẹ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá. IPS kì í yí padà níbi yòówù kí ẹ jókòó sí, ṣùgbọ́n dúdú rẹ̀ máa ń fẹ́ jọ eérú. Dúdú ti VA dú dáadáa, àmọ́ ohun tó bá ń sáré lórí rẹ̀ máa ń fa òjìji lẹ́yìn. Tí mo bá sọ gbogbo èyí tán, wọ́n á tún ní, "Èwo ló wá fẹ̀ jù nínú wọn?"

Bàbá mi nìkan ni mo máa ń ṣàlàyé fún láìkanra. Iléṣà ló ń gbé. Olùkọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ní bọ́ọ̀lù gbígbá. Nígbà tí ìyá mi kú, ilé náà dákẹ́ débi pé èmi àti bàbá mi kò mọ ohun tí a lè bá ara wa sọ mọ́. Mo wá gbé géèmù bọ́ọ̀lù kan lọ fún un, pẹ̀lú mọ́níto TN àtijọ́ kan tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà náà, ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, a jọ máa ń gbá a. Tí pádì bá ti wà lọ́wọ́ wa, ọ̀rọ̀ á máa jáde: ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, òrùlé tó tún ń jò. Ohun kan ṣoṣo tó kù láàárín wa nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbẹ́ pápá ni bàbá mi fẹ́ràn láti máa gbà. Ó ní ẹni tó bá ń rọ́ gba àárín kò gbọ́n. Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ gba àárín. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní, "Bàbá, kí ni ẹ̀gbẹ́ ṣe fún yín?"

Ó ní, "Ojú yìí ò mọ́ lápá ọ̀tún."

Ojú ni gbogbo wa ń pe ibi tí àwòrán ti ń hàn lára mọ́níto. Ojú rẹ̀ ti là, ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn: ohun tí mò ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ nìyẹn. Mo wo àga bàbá mi, mo rí i pé kò kọjú sí mọ́níto náà tààrà, mo sì ní TN ló ń ṣe é. Mo gbé IPS wá. Ó dúpẹ́. Kò pẹ́ tó tún ní ojú yìí ń ṣókùnkùn létí, mo bá gbé VA wá. Mo ń ráhùn lọ́nà, torí gbígbé mọ́níto lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò láti Òṣogbo dé Iléṣà kì í ṣe eré. Gbogbo kòtò ọ̀nà yẹn ni orúnkún mi mọ̀.

Ní Sọ́ńdè kan, ó ní, "Ṣé ojú yìí ò lè fẹ̀ ju báyìí lọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà ti di oníbàárà. Mo gbé mọ́kànlélógún sí mẹ́sàn-án lọ fún un, èyí tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo ti ń fi pamọ́ fún ara mi.

Ọjọ́ yẹn ni mo nà án jù nínú géèmù. Bọ́ọ̀lù á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun á máa wá a láàárín, á yí ọrùn síbí, á yí i sọ́hùn-ún. Inú bí i. Ó gbé pádì sórí apá àga, ó nu ojú, ó wá ń fọwọ́ táràrà.

"Pádì mi dà?"

Ẹ̀gbẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ló wà. Mo wo pádì, mo wò ó.

"Bàbá, ojú wo lẹ ti ń sọ látọjọ́ yìí?"

Ó yà á lẹ́nu. "Ojú mi ni. Ojú ta ni ì bá tún jẹ́? Mo ní ojú ń ṣókùnkùn, ò ń gbé mọ́níto wá sílé. Mo rò pé ohun tó máa ràn án lọ́wọ́ lò ń wá."

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Òṣogbo. Dókítà gbé ìka sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ó ń mú un bọ̀ díẹ̀díẹ̀ síwájú, ó ní kó sọ̀rọ̀ tó bá ti rí i. Ìka ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú rẹ̀ gan-an kó tó ní òun rí i. Dókítà ní omi inú ojú ló pọ̀ jù, tó ń tẹ iṣan tó fi ń ríran, pé láti etí ló ti ń jẹ ojú bọ̀ wá sí àárín. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Oògùn kíkán ni a ó máa fi di ìyókù mú. Mo bínú sí bàbá mi tí kò pariwo, mo bínú sí èdè tó fi orúkọ kan pe ohun méjì. Nígbà tí ìbínú yẹn lọ, àárẹ̀ nìkan ló kù.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó kán oògùn rẹ̀, ó ní ká gbá a. Mo wọ inú ètò mọ́níto náà, mo yí àwòrán rẹ̀ sí mẹ́rin sí mẹ́ta, ìwọ̀n tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́. Àwòrán sún jọ sí àárín, ọ̀tún àti òsì di dúdú bíi tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pa. Bàbá mi gbé pádì, ó sún síwájú. Kò pẹ́ tó fi gbá góòlù wọlé.

"Eléyìí gan-an ni," ó ní. "Eléyìí ló kún. Àwọn tí ò ń gbé wá tẹ́lẹ̀, ṣe ni wọ́n ń já sílẹ̀ létí."

"Ẹ ò rí nǹkan dúdú kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́, sà?"

"Dúdú wo?"

Mo wo dúdú náà lọ́tùn-ún, mo wò ó lósì.

"Kò sí, sà," mo ní. "Ó kún."