Ewé Ògiri Tí Ìyé Mi Ń Kúnlẹ̀ Lé

Ewé ògiri la ń pè é nílé wa: ohun tútù múlọ́múlọ́ yẹn tó máa ń bo ara bíríkì àti ìdí ọ̀pẹ lásìkò òjò, tí gbogbo ayé ń ha dànù bí ẹ̀gbin. Ìyé mi, ìyẹn ìyá tó bí mi, kì í jẹ́ ká ha á. Aládùúrà ni wọ́n, wọn kì í wọ bàtà tí wọ́n bá ti wọ sùtánà, ẹ̀yìn ilé wa ní Òde-Ayé sì ni ilẹ̀ àánú tiwọn, ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà. Láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, orí ewé ògiri yẹn ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi kú, mo kó ìyé mi wá sí ilé mi ní Òkìtìpupa. Mo rò pé mo ṣe dáadáa. Iná wà, omi wà, sìmẹ́ǹtì sì ni gbogbo àgbàlá láti géètì dé ẹ̀yìn kíṣìnì. Wọ́n kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń gbàdúrà, àdúrà kúkúrú. Oúnjẹ kò wù wọ́n jẹ mọ́. Kò pẹ́ tí mo rí àpò wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ti di ẹrù sínú rẹ̀.

"Ọma mi, ulí mi ni mo fẹ́ lọ. Ilé làbọ̀ sinmi oko."

"Ilé wo? Ilé tí kò sẹ́nì kan níbẹ̀? Tí ẹ bá ṣubú ńkọ́, ta ni yóò gbọ́?" Ohùn mi ti lọ sókè. Inú mi máa ń tètè ru, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní àsìkò òjò yìí nìkan, pé màá kó ilẹ̀ àánú wọn wá bá wọn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé ilẹ̀ ṣeé kó bí iṣu?"

Mo mú ọ̀bẹ àti abọ́, mo lọ sí Òde-Ayé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gé ewé ògiri náà, mo rí ibi méjì tó jìn wọnú díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Orúnkún ìyé mi ló gbẹ́ ẹ. Gbogbo ìdánwò tí mo ṣe, gbogbo oyún tí mo ní, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún.

Nígbà tí mo padà sí Òkìtìpupa, mo ní kí bíríkìlà fọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ lẹ́yìn kíṣìnì. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mo sì ṣe bí ọmọ àgbẹ̀: mo tú ilẹ̀, mo da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, mo sì gbin ewé ògiri síbi tí oòrùn yóò ti máa rí i dáadáa, bí ìgbà tí à ń tọ́jú ọ̀pẹ kékeré. Kíá ló pọ́n, ló gbẹ. Koríko oko ló hù dípò rẹ̀.

Ìyé mi ń wò mí látojú fèrèsé. "O ń bọ́ ohun tí ebi kò pa. Ta ló fún tẹ̀yìn ilé wa ní ìgbẹ́ adìyẹ? Wá ibòji, kí ilẹ̀ rẹ̀ le, kó sì tutù."

Mo tún padà lọ gé òmíràn. Abẹ́ táǹkì, níbi tí omi ti ń kán, la tẹ́ ẹ sí. Wọ́n jáde wá láìwọ bàtà, wọ́n ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń rọra kọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi náà bọ́ bàtà, mo bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ kó tó mú. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àpò yẹn ò kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ àná, mo lọ pọn omi ní ìdí táǹkì. Ìyé mi ti gbàdúrà tán, wọ́n ti wọlé. Lórí ewé ògiri náà, mo rí ojú orúnkún méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí kò tíì jìn rárá. Mo gbé omi wọlé, mo lọ gbá yàrá wọn, mo sì gbé àpò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí n lè gbálẹ̀ ibẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.