Ẹ́ńjìnnì Inú Àgbá Àlùwàlá

Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ọkọ mi já sínú ọ̀sà lẹ́bàá CMS, kí àwọn òmùwẹ̀ tó fà á yọ, kí wọ́n tó gbé e dé agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn aládùúgbò ti ń kí wa pé a kú ara fẹ́ra kù. Obìnrin kan tiẹ̀ bi mí bóyá mo ti rí nǹkan fi sẹ́nu.

Ìyá ọkọ mi nìkan ni inú wọn dùn, wọn ò sì fi bò. Ìrẹsì ni Màmá ń tà lọ́jà Sandgrouse, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bẹ ọmọ wọn pé kó fi omi sílẹ̀, kó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n mú un ṣèlérí: bí ẹ́ńjìnnì náà ò bá dáhùn, á ta ọkọ̀, á sì wá máa wọn ìrẹsì.

Ẹ̀rù bà mí. Ọkọ mi tó ń kọrin lórí omi, bí wọ́n bá tì í mọ́ ẹ̀yìn àpò ìrẹsì, ta ni màá máa rí nílé? Ọmọ Màmá nìkan ni yóò kù.

Kó tó sáré lọ ra ọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì tuntun, ó kìlọ̀ fún mi pé afẹ́fẹ́ ò gbọdọ̀ fẹ́ sí irin tó ti mu omi iyọ̀. Inú omi tó mọ́ ni kí n rì í sí títí òun á fi dé. Omi tó mọ́ wo ló wà nílé bí kò ṣe ti inú àgbá tí Màmá fi ń ṣe àlùwàlá? Mo bẹ géńdé méjì, a rì í lórí kodò, abẹ̀bẹ̀ ìdí rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Mo jókòó, mo ń já ẹ̀fọ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Màmá dé láti ṣe àlùwàlá Ásárì.

“Ta ló gbé irin sómi mi?”

“Màmá, ẹ má bínú. Ẹ́ńjìnnì ni. Omi ni ìtọ́jú ẹ̀.”

“Ẹni tó mumi yó, omi náà lẹ tún fi ń wò ó? Bí ìrẹsì bá tutù, ṣebí oòrùn là ń sá a sí! Ìyàwó, kúrò níbẹ̀.”

Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì fara dí àgbá náà gbágbáágbá.

Àfi bí ọkọ mi ṣe wọlé. Òun àti àwọn géńdé náà gbé ẹ́ńjìnnì jáde nínú àgbá, ó tú púlọ́ọ̀gì, ó dojú ẹ́ńjìnnì dé, omi tú jáde. Ó da ọ́ìlì sínú rẹ̀, ó rọra ń yí i títí kò fi sí omi níbẹ̀ mọ́. Ó fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i, ó gbé e kọ́ etí àgbá, ìdí rẹ̀ nínú omi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn. Ó fà, ó fà, kò dáhùn. Apá rẹ̀ rọ.

Màmá ká apá bùbá sókè. Apá tó ń gbé àpò ìrẹsì kì í ṣe apá kékeré.

“Gbé okùn yẹn wá, kí n fi hàn yín pé ó ti kú.”

Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, èéfín gba àgbàlá, omi àlùwàlá ta bo Màmá látorí dé ẹsẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. “Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o!”

Wọ́n fún omi kúrò létí bùbá wọn.

Ọkọ mi ṣì ń wa ọkọ̀ rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣagídí láàárọ̀, á lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa wò ó bóyá ó ti kú.” Màmá á pòṣé, wọ́n á sì ká apá bùbá.